Òpó èbúté fún omi òkun: bí a ṣe fọ̀ ọ́, tí a sì kùn ún ní Kàbbà

Iṣẹ́ tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni òpó irin mẹ́rin, férémù pèpéle kan àti àkàbà méjì. A fi iná wẹ́dà jó wọn, a sì kùn wọ́n ní Kàbbà, fún èbúté kékeré kan ní etí òkun Ìlàjẹ. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Búnú, tó ń ṣòwò ẹja níbẹ̀, ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Èbúté rẹ̀ àtijọ́ ti wó, ó sì ní kí wọ́n gé lára òpó rẹ̀ wá kí n fojú ara mi rí i.

Páìpù òpó náà nípọn tó mìlímítà 3 nígbà tí wọ́n rì í. Apá ìsàlẹ̀, tó wà nínú omi tọ̀sán-tòru, ṣì ku bíi mìlímítà 2. Apá òkè lábẹ́ pákó ṣì le. Àárín ló bàjẹ́: ibi tí ìgbì ń ta sí, tí oòrùn ń gbẹ, tí ìgbì tún ń ta sí. Ìka mi wọ inú ihò tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ri òpó náà. Mo ha ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́kù lára rẹ̀, mo sì bá red oxide, ọ̀dà pupa tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀, lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ red oxide náà, èèpo dúdú tí irin máa ń gbé jáde láti iléeṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò fọ irin yẹn rárá kí wọ́n tó kùn ún.

Lọ́kọ́ja ni mo ti kọ́ṣẹ́, lára àwọn ọkọ̀ odò Ọya. Níbẹ̀, red oxide ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀dà olóròóró ẹ̀ẹ̀mejì, bítúmẹ́ẹ̀nì, ọ̀dà dúdú bíi ti títì, sí ìdí ọkọ̀, iṣẹ́ parí. Ó sì máa ń pẹ́, torí omi Ọya àti ti Bẹ́núé kò níyọ̀. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Iyọ̀ yẹn ló ń la ọ̀nà fún iná mànàmáná kékeré tó máa ń sàn láti ibì kan sí ibòmíràn lára irin kan náà. Ibi tí iná náà ti ń jáde bọ́ sínú omi, ibẹ̀ ni irin ti ń yọ́ lọ. Ìyókù àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

1. Ìdánwò nínú korobá

Ìyá náà bi mí pé, "Ọmọ mi, ọ̀dà wo lo ní tí òkun ò ní jẹ?" Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná, kí n tó gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ yín."

Mo gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn mìlímítà 4 sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 100 sí 150. Mo kùn wọ́n lóríṣiríṣi. Nígbà tí wọ́n gbẹ dáadáa, mo fi ọ̀bẹ fa àmì X sára ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọ̀bẹ fi kan irin. Mo po gíráàmù iyọ̀ 875 mọ́ lítà omi 25, èyí já sí 35 fún lítà kan. Mo so irin náà kọ́ kí ìdajì rẹ̀ wà nínú omi, kí ìdajì wà lókè, àwọn ọmọọṣẹ́ sì ń bu omi iyọ̀ náà sí apá òkè láràárọ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́.

Ohun tí a rí nìyí:

– Red oxide pẹ̀lú ọ̀dà olóròóró ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó lé róró, mo fi èékánná tẹ ẹ́, omi jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé mi nígbà tó yá. Níbi tí ìpẹtà ti ń ṣiṣẹ́, omi abẹ́ ọ̀dà máa ń dà bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ, òróró inú ọ̀dà náà sì ń di ọṣẹ lóòótọ́.

– Bítúmẹ́ẹ̀nì ṣe dáadáa nísàlẹ̀ omi. Lókè omi, oòrùn là á.

– Epoxy, ọ̀dà oníkòkò méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le, lórí irin tó ti dípẹtà, tí a kàn fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha, ṣí kúrò ní abala ńlá láti etí àmì X. Ìpẹtà pupa wà lẹ́yìn ọ̀dà tó ṣí náà.

– Epoxy láti inú agolo kan náà, lórí irin tí a fọ́n (tí a fi afẹ́fẹ́ líle ta gíríìtì, hóró wẹ́wẹ́ tó le, sí lára) títí ó fi funfun, dúró gbagidi. Ojú X nìkan ló pọ́n.

– Práímà síńkì, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó kún fún lẹ́búlẹ́bú síńkì, lábẹ́, epoxy lórí rẹ̀, lórí irin tí a fọ́n: ojú X kò pọ́n rárá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló hù níbẹ̀. Síńkì ló ń yọ́ dípò irin.

Ẹ wo kẹta àti kẹrin dáadáa. Agolo kan náà, ọwọ́ kan náà ló kùn ún, ọjọ́ kan náà. Bí a ṣe fọ irin nìkan ló yàtọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ fífọ̀ ni màá kọ́kọ́ ná owó lé lórí, kí n tó béèrè iye ọ̀dà. Ṣùgbọ́n korobá kì í ṣe òkun. Kò sí ìgbì nínú rẹ̀, kò sí iyanrìn tó ń ha òpó, kò sí ìkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi èyí tó máa tètè bàjẹ́ hàn wá, kò lè sọ iye ọdún tí èyí tó dára máa lò.

2. Jíjó

Páìpù onínṣì 4 mẹ́rin la rà, tó nípọn mìlímítà 6, tó gùn mítà 6, ìlọ́po méjì nínípọn ti àtijọ́. Férémù pèpéle jẹ́ irin onígun 75 sí 75, àkàbà sì jẹ́ 50 sí 50 pẹ̀lú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fún àtẹ̀gùn. Gbogbo ojú irin tí ọ̀dà máa kàn tó mítà onígun mẹ́rin 16.

Fún géètì ilé, wẹ́dà lè jó ìka méjì, kó fo ìka mẹ́ta, kó tún jó. Fún òkun, àlàfo yẹn ni omi iyọ̀ máa sá sí, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè débẹ̀ láé. A jó gbogbo ojú ìpàdé yípo. A dí ẹnu páìpù lókè àti nísàlẹ̀, kí omi òkun má ráyè wọnú. A fi gíráńdà yọ gbogbo ẹ̀ta iná jíjó, a sì pa etí gbogbo irin onígun títí ó fi rí róbótó, ìwọ̀n mìlímítà 2. Ọ̀dà kì í dúró lórí etí mímú. Bó ti ń gbẹ, ṣe ló máa ń fà kúrò níbẹ̀, a óò wá rí i pé etí ló kọ́kọ́ pọ́n.

A kò jó òpó mọ́ férémù. Fílánjì, irin pẹlẹbẹ oníhò tó wà lẹ́nu òpó, àti bóòtù ló so wọ́n pọ̀, torí bí a bá dé etí omi kí a tó máa jó irin, iná yóò jó ọ̀dà tí a fi owó ńlá kùn.

Àwọn kan béèrè pé kí ló dé tí a kò ri gbogbo rẹ̀ sínú síńkì yíyọ́. Àwo síńkì bẹ́ẹ̀ ń gbóná tó 450°C, ó sì gbọ́dọ̀ gùn tó láti gba páìpù mítà 6. Kò sí irú rẹ̀ lágbègbè wa. Páìpù tí a ti dí ẹnu rẹ̀ pátápátá tún lè bú gbàmù nínú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì nìkan ni a rà ní onísíńkì.

3. Fífọ̀ àti fífọ́n

Ibí ni iṣẹ́ wà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọṣẹ àti omi kànga. Irin tí a rà ti kọjá ní èbúté kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iyọ̀ lè wà lára rẹ̀, ọwọ́ àwa náà sì ti fi òróró kùn ún. Bí a bá fọ́n irin tó lóròóró, ṣe la kàn ń gbá òróró náà wọ inú rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a ṣan án, ó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, a háyà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ oní-dísù, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ títì ń lò, pẹ̀lú ìkòkò ìfọ́nrin. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré ti àwọn fọ́kanáísà kò lè ṣe é: kí ẹnu ihò náà tó lè ṣiṣẹ́, agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ báà 7, kó má sì dínkù. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sórí aṣọ funfun fún ìṣẹ́jú kan. Àmì òróró yọ lára aṣọ. A tú asẹ́ rẹ̀, a fọ̀ ọ́, a tún fẹ́ ẹ títí aṣọ fi mọ́.

A kò fi iyanrìn odò fọ́n ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo wẹ́dà tó bá ka èyí fetí sí i: eruku iyanrìn tó fọ́ wẹ́wẹ́ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, ó sì ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀. A ra gíríìtì tí wọ́n ń tà nínú àpò fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó di ọ̀pá mú dé akoto tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń wọ̀ láti inú rọ́bà, àwọn tó kù sì dúró lókèèrè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ohun tí à ń wá ni irin tó funfun bí eérú yípo, tí èèpo dúdú ti tán lára rẹ̀, tí a kò rí ju òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìlànà ISO 8501-1 pè é ní Sa 2½. Kò gbọ́dọ̀ dán. Ó gbọ́dọ̀ rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 50 sí 75 (1000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan), kí ọ̀dà lè rí ibi di mú. Gíráńdà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń mú irin dán ni, ìdí nìyẹn tí kò fi tó fún èyí tó máa wọnú omi.

A fi afẹ́fẹ́ gbá eruku kúrò, a lẹ téèpù tó mọ́ gaara mọ́ irin, a ṣí i. Téèpù àkọ́kọ́ kún fún eruku. A tún gbá a.

4. Práímà síńkì

Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n kò ní aṣọ lára. Bí ìrì bá sẹ̀ lé e lórí, yóò pọ́n kílẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ohun tí a bá fọ́n láàárọ̀, a gbọ́dọ̀ kùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú. A pín iṣẹ́ náà: òpó méjì, òpó méjì, lẹ́yìn náà férémù àti àkàbà.

Ìgbà ọyẹ́ la yàn, torí afẹ́fẹ́ Kàbbà gbẹ nígbà yẹn, iṣẹ́ ọ̀dà sì ń fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ 85 nínú 100. Irin náà gbọ́dọ̀ gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ, ó kéré tán ní ìwọ̀n 3°C. Ní òwúrọ̀ kùtù, irin ṣì tutù, a kì í fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án gangan, bí oòrùn bá wà lára rẹ̀, ó ti gbóná jù, ọ̀dà yóò gbẹ kó tó ráyè tẹ́. Abẹ́ àtíbàbà la ti kùn ún, láti nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Práímà náà jẹ́ oníkòkò méjì, síńkì rẹ̀ sì pọ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Iye yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹyọ síńkì gbọ́dọ̀ kan ara wọn, kí wọ́n sì kan irin, kí wọ́n tó lè yọ́ dípò rẹ̀. Síńkì wúwo, ó ń rì sísàlẹ̀ agolo. Ẹnì kan kò ṣe ju kó máa rò ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìnípọn tí a fẹ́ ni máíkírọ́ọ̀nù 60. Àwọn ọmọọṣẹ́ fẹ́ kí ó nípọn sí i, mo kọ̀, torí bí práímà yìí bá nípọn jù, ó máa ń là.

5. Epoxy

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló ṣáájú: gbogbo ojú jíjó, gbogbo etí, gbogbo ihò bóòtù, igun inú irin onígun. Lẹ́yìn náà ni rólà kùn ún yípo.

Èyí tí a rà jẹ́ mẹ́rin sí ọ̀kan: mìlílítà 800 ọ̀dà sí 200 hádínà, èyí tó ń mú un le. Lítà kan péré là ń pò lẹ́ẹ̀kan, torí ooru wa ń mú kó le kíákíá nínú agolo. Ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù lórí irin lẹ́yìn tó bá gbẹ, nítorí náà máíkírọ́ọ̀nù 250 ní tútù á di 200 ní gbígbẹ. A fi kóòmù ìwọ̀dà, irin kékeré eléyín, wọn ọ́n bí a ti ń lọ. Ìṣirò fún mi ní mítà onígun mẹ́rin 4 fún lítà kan, èyí já sí lítà 4 fún ìkùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a lò gan-an sún mọ́ lítà 6. Páìpù ń jẹ ọ̀dà, rólà náà ń mu tiẹ̀. Ẹ fi ìdajì lé ìṣirò yín kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn ìkùn àkọ́kọ́, ìjì ọyẹ́ gbé erùpẹ̀ pupa wọlé, ó sì lẹ̀ mọ́ òpó méjì tí kò tíì gbẹ. Kò ṣeé fi sílẹ̀: erùpẹ̀ tó bá wà láàrin ìkùn méjì ni ọ̀nà tí omi máa gbà wọlé. Nígbà tí ìjì fi rọlẹ̀, àkókò tí agolo náà dá fún ìkùn kejì ti kọjá, epoxy ti le, kò sì ní gba èyí tó tẹ̀lé e mọ́ra. Sáńpépà 120 la fi ha gbogbo òpó méjèèjì títí dídán fi tán lára wọn. A fi omi mímọ́ fọ̀ wọ́n, a fi aṣọ tó ní tínà nù wọ́n, kí a tó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà la ti ta tapólì yí àtíbàbà ká, a sì ń fọ́n omi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ibi tí ìgbì máa ń ta sí gba ìkùn kẹta: láti ìdajì mítà nísàlẹ̀ ibi tí omi ń fà dé, títí dé mítà kan àbọ̀ lókè ibi tó ń kún dé. Níbẹ̀, gbogbo ọ̀dà jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 660. Ní ìyókù, ó jẹ́ 460. Orí férémù àti òkè àkàbà, tí oòrùn ń pa, gba ọ̀dà polyurethane lórí epoxy, torí oòrùn máa ń sọ ojú epoxy di ẹfun.

6. Wíwá ihò tí ojú kò rí

Irinṣẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń ṣe èyí wọ́n. Bátìrì fóòlùtì 9, mítà iná àti fóòmù ni èmi lò. Okùn kan mọ́ irin tí a kò kùn létí fílánjì, okùn kejì mọ́ fóòmù tí a ti rì sínú omi oníyọ̀ díẹ̀, mítà láàrin wọn. Fóòmù ń rìn lórí ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀dà bá dí pa, mítà kò ní mira. Bí ihò bá wà, bó kéré bí orí abẹ́rẹ́, mítà á gbéra.

Mítà gbéra níbi igun inú àkàbà, lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní ibi púpọ̀. Ojú kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Rólà kò wọ igun yẹn, afẹ́fẹ́ há sábẹ́ ọ̀dà. A fi omi mímọ́ fọ iyọ̀ kúrò, a fi sáńpépà ha á, a fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ti ọ̀dà wọ inú igun náà. Bí a bá ti fi ojú nìkan wò ó, àkàbà yẹn ni ì bá kọ́kọ́ jẹ.

7. Síńkì tí yóò kú dípò irin

Ọ̀dà kò lè wà láìní ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, ara òpó kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ ibi tí omi ń fà dé, ni a de síńkì kílò 2 mọ́, lórí irin kékeré tí a ti jó mọ́ òpó náà kí a tó fọ́n ọn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní 1824, Humphry Davy fi síńkì àti irin dáàbò bo bàbà tó wà nídìí ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Bìrìtìkó.

Ojú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú omi àti ẹrẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 5. Bí wọ́n bá wà níhòòhò, ìṣirò mi fi hàn pé wọ́n máa jẹ nǹkan bíi kílò síńkì 5 àbọ̀ lọ́dún. Bí ọ̀dà bá wà lára wọn, tí ìdá 5 péré nínú 100 sì ṣí, kò tó gíráàmù 300 lọ́dún. Ọ̀dà ló ń jẹ́ kí síńkì pẹ́, síńkì ló ń ṣọ́ ibi tí ọ̀dà ti ha.

A fi téèpù wé síńkì náà nígbà tí a ń kùn. Síńkì tí ọ̀dà bo kò wúlò fún ohunkóhun. Kò sì ṣiṣẹ́ lókè omi, ìdí tí ibi ìgbì fi gba ìkùn kẹta nìyẹn.

8. Gbígbé e lọ àti rírì í

A dúró kí epoxy le fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí a tó gbé e. Kàbbà sí Òmùò, Ìkàrẹ́, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, títí dé Igbókòdá, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbà á. Fóòmù àti táyà àtijọ́ wà láàrin òpó kan àti èkejì, okùn aṣọ fífẹ̀ la fi dì wọ́n, kò sí ṣéènì níbẹ̀ rárá.

Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ fi òòlù gbá òpó wọlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, a fi pọ́ńpù fún omi sábẹ́ ìdí òpó, ó ń rì fúnra rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ títí dé mítà 2. Lẹ́yìn tí a ti di bóòtù, a fi sáńpépà ha gbogbo ojú tó ṣí, a nu ún, a fi epoxy dí i, pẹ̀lú orí bóòtù.

Owó

Iye tí a ná nígbà náà nìyí. Irin, ẹ̀lẹ́kítíródù (ọ̀pá ìjórin) àti bóòtù: ₦830,000. Háyà kọ̀mpúrẹ́sọ̀, dísù àti gíríìtì: ₦390,000. Gbogbo ọ̀dà, tínà àti búrọ́ọ̀ṣì: ₦420,000. Síńkì: ₦120,000. Ọkọ̀: ₦240,000. Owó iṣẹ́ wa kò sí nínú rẹ̀. Oníbàárà tó bá ní kí ẹ yọ owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kúrò, ẹ gbé irin kẹta àti ìkẹrin inú korobá fún un kó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá ẹlẹ́ja yìí fọwọ́ kàn wọ́n, ó sì sanwó náà.

Lẹ́yìn ìgbà òjò, ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ nígbà tí omi fà. Ibi ìgbì mọ́ tónítóní. Ara àkàbà kan ti ha níbi tí ọkọ̀ ti ń fi imú gbá a, ojú náà sì ti ń pọ́n. Mo ní kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi mọ́, kí wọ́n fi epoxy tí mo fi sílẹ̀ fún wọn kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì de táyà síbẹ̀. Síńkì ti hu lẹ́búlẹ́bú funfun, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá ku ìdajì, kí wọ́n tú bóòtù rẹ̀, kí wọ́n sì fi òmíràn síbẹ̀.